Orúkọ Wo Ni Ó Yẹ Ìjánu Alùpùpù Ìgbàlódé?

Ní Fìdítì, lójú ọ̀nà àtijọ́ tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, bíréèkì ni àwọn ọlọ́kadà ń pe ohun tí ń dá alùpùpù dúró. Ìjánu ni ìwé ń pè é, ọ̀rọ̀ tí a yá lára ohun èlò ẹṣin. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wúlò. Ìṣòro dé nígbà tí irú ìjánu mìíràn jáde, èyí tí a ń fi lẹ́tà mẹ́ta, ABS, pè. Ilé iṣẹ́ BMW fi í sára alùpùpù K100 ní 1988; láti 2016 ni òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ ọ́ di dandan fún irú alùpùpù tuntun tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju 125 cc lọ.

Táyà tí ń yí a máa di ilẹ̀ mú ju èyí tí ń wọ́ lọ. Bí a bá fún ìjánu lójijì, táyà lè há: kò ní í yí mọ́, alùpùpù kò sì ní í gbọ́ràn sí ọwọ́ lẹ́nu. Nínú ABS, atọ́ka kan ń ka ìyára yíyí táyà. Bí táyà bá fẹ́ há, ẹ̀rọ náà yóò dẹ agbára òróró bíréèkì, yóò tún un fún, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Bí a bá pè é ní “ìjánu aláìyọ̀”, orúkọ náà yóò dùn létí, ṣùgbọ́n ewu ń bẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lè gbà pé alùpùpù òun kò lè yọ̀, kí ó sì kó eré wọ kọ́nà nígbà òjò. ABS kò lè mú ilẹ̀ tútù gbẹ. Lórí òkúta wẹ́wẹ́, ó tilẹ̀ lè pẹ́ kí alùpùpù tó dúró. “Ìjánu adènà-híhá” ni ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, nítorí kò ṣe ìlérí ju pé táyà kò ní í há.

Ọ̀rọ̀ ìṣe pẹ̀lú gba àkíyèsí. Lórí alùpùpù tí ó ní adènà-híhá, bí ewu bá dé lójijì, kí ẹni tí ń gùn ún fún ìjánu dáadáa, kí ó sì dì í mú títí yóò fi dúró. Bí ó bá ń gbọ̀n lábẹ́ ìka, kò bàjẹ́. Iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Lórí èyí tí kò ní i, díẹ̀díẹ̀ ni kí ó máa fún un. Bí táyà iwájú bá há, kí ó dẹ ọwọ́ kíá, kí ó sì tún un fún. Àwọn alùpùpù mìíràn sì ní i ní iwájú nìkan.

Nítorí náà, “fún ìjánu” nìkan kò tó fún ìtumọ̀. “Fún un, dì í mú” yàtọ̀ sí “fún un díẹ̀díẹ̀”. Atúmọ̀ tí ó bá da méjèèjì pọ̀ ti fi ẹ̀mí ẹlòmíràn wewu.