Fẹlá Ṣówándé: Ọmọ Yorùbá tí ó fi Dùùrù Sọ Èdè Rẹ̀

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ẹni tí ó bá gba Ablogamé kọjá yóò gbọ́ orin ìsìn ní èdè Ewe, ní Faransé àti ní Yorùbá. Àwọn ọ̀dọ́ wa wà nínú àwọn ẹgbẹ́ akọrin wọ̀nyí, wọ́n sì mọ orúkọ Mozart àti Beethoven láti ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá dárúkọ Fẹlá Ṣówándé fún wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn a rò pé Fẹlá Kútì ni à ń sọ. A kò dá wọn lẹ́bi. Àwa olùkọ́ àti òbí ni a kò sọ fún wọn pé ọmọ Yorùbá kan wà tí ó kọ orin sílẹ̀ fún dùùrù àti fún ọ̀kẹ́sítírà, tí kò sì fi ohùn ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún 1905 ni a bí Ṣówándé. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, ó sì mọ orin ìjọ dáadáa. Ní ìlú Èkó, ọmọ náà wọ ẹgbẹ́ akọrin Kàtídírà ti Kristi, níbi tí Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips ti jẹ́ atẹdùùrù láti 1914 títí di 1962. Lábẹ́ ọ̀gá yìí ni etí rẹ̀ ti là sí orin.

Ní àkókò náà, ìṣòro kan ń da àwọn olórin ìjọ láàmú. Àwọn míṣọ́nnárì ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, ṣùgbọ́n ohùn orin òyìnbó ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohùn ni ẹ̀mí èdè wa. Bí orin bá gòkè níbi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti sọ̀kalẹ̀, ìlù a di ìlú, ọkọ̀ a sì di ọkọ́. Akọrin a máa rò pé òun ń yin Ọlọ́run, olùgbọ́ a sì máa gbọ́ nǹkan mìíràn. Phillips wà lára àwọn tí ó wá àtúnṣe: orin ni yóò máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ni yóò máa tẹ̀lé orin. Ní 1953 ó tẹ ìwé kan jáde lórí orin Yorùbá.

Ní àárín àwọn ọdún 1930, Ṣówándé re Lọ́ńdọ̀nù. Orin jáàsì ni ó fi ń wá oúnjẹ òòjọ́, ó sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ dùùrù lọ. Ní 1943 ó gba oyè Fellow ti Royal College of Organists, oyè gíga fún atẹdùùrù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1944 ó kọ African Suite, orin alápá márùn-ún fún àwọn ohun èlò olókùn àti háàpù.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti kan àwa ará Lomé. Apá kìíní orin yẹn, Joyful Day, orí ohùn orin Ephraim Amu ni Ṣówándé gbé e kà. Ta ni Amu? Ọmọ Ewe ni, láti Peki ní ilẹ̀ Gánà, ẹni tí a bí ní 1899. Èdè Ewe náà jẹ́ elédè ohùn bíi tiwa, Amu sì ń jà fún ohun kan náà tí Phillips ń wá ní Èkó. Ó wọ aṣọ ìbílẹ̀ lọ wàásù; nígbà tí ó di 1933, iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ní Akropong bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá àti ọmọ Ewe ti pàdé nínú orin kan ṣoṣo ṣáájú kí a tó bí àwa tí a jọ ń gbé àdúgbò yìí.

Àwọn kan a máa béèrè pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá nídìí dùùrù òyìnbó. Ṣówándé kò gbà pé ibi tí a ti bí olórin gbọ́dọ̀ di ọgbà ẹ̀wọ̀n fún un. Ẹ wo Manuel de Falla, ọmọ Cádiz ní Sípéènì: ó gbé Paris láti 1907 sí 1914, síbẹ̀ orin àwọn ará ìlú rẹ̀ ni ó kó jọ fún ohùn ènìyàn àti dùùrù. Gbígbé tí ó gbé Paris kò sọ ọ́ di ará Faransé.

Ṣówándé padà sílé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Ó ṣiṣẹ́ ní rédíò, ó sì kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Fún òmìnira Nàìjíríà ní 1960, ọdún kan náà tí Tógò gba tirẹ̀, ó kọ Folk Symphony. Lẹ́yìn náà ó lọ kọ́ni ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ Ohio ni ó sì kú sí ní 1987.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, Oyígíyigì àti Ọbáńgíjì wà lára orin tí Ṣówándé kọ fún dùùrù. Ẹ bi atẹdùùrù ìjọ yín bí ó bá mọ̀ wọ́n. Kí ẹ sì lọ jókòó ti àwọn ìyá àgbà, kí ẹ gba orin ẹnu wọn, kí ẹ fi dò-rè-mí kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí Ṣówándé fi bẹ̀rẹ̀ kò ju èyí lọ: etí tí ń gbọ́ ilé, àti ọwọ́ tí ń kọ ọ́ sílẹ̀.