Àárẹ̀ Kì í Ṣe Ọ̀lẹ: Àlàyé lórí Àárẹ̀ Ńlá tí ń Bá Ìtọ́jú Jẹjẹrẹ Rìn

1.0 Ìfáárà

Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti ṣàlàyé irú àárẹ̀ tí ó máa ń mú ẹni tí ń gba kimotẹ́rápì, ìyẹn ni oògùn líle tí àwọn dókítà ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, tàbí tí wọ́n ń fún aláìsàn gbé mì, láti fi pa jẹjẹrẹ. Yóò sì tọ́ka sí ohun tí aláìsàn àti ará ilé rẹ̀ lè ṣe sí àárẹ̀ náà. Ibi tí a ti mú àpẹẹrẹ ni Kúje, Festac àti àyíká wọn ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀rọ̀ náà kan ìmọ̀ èdè, nítorí pé orúkọ tí ará ilé bá pe àárẹ̀ yìí ni yóò pinnu bóyá wọn yóò ran aláìsàn lọ́wọ́ tàbí wọn yóò máa bá a wí.

2.0 Ohun tí èdè Yorùbá sọ nípa àárẹ̀

Ẹ jẹ́ kí á yẹ àwọn gbólóhùn wọ̀nyí wò:

(1) Ó rẹ obìnrin náà.
(2) Àárẹ̀ mú obìnrin náà.
(3) Obìnrin náà ya ọ̀lẹ.

Ní (1) àti (2), obìnrin náà ni àbọ̀. Kì í ṣe òun ni ó ṣe nǹkan. Nǹkan ni ó ṣe é. Ní (3), obìnrin kan náà ti di olùwà, ẹ̀bi sì ti bọ́ sí i lọ́rùn.

Ó tún yẹ kí á kíyè sí i pé gbólóhùn (1) ní ìtúmọ̀ méjì. Ẹni tí ó ti oko dé lè wí pé ó rẹ òun. Ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ náà lè wí bẹ́ẹ̀, aláàárẹ̀ sì ni Yorùbá ń pè é. Oorun ni oògùn àárẹ̀ oko. Àárẹ̀ àìsàn kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ìtúmọ̀ kejì yìí ni àárẹ̀ kimotẹ́rápì wà: kì í bá ìwọ̀n iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe mu, oorun kì í sì í sábà mú un kúrò.

Ibi tí ìjọ̀ngbọ̀n ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tí ará ilé bá gbọ́ ìtúmọ̀ kejì bí ẹni pé ti ìkínní ni. Wọ́n rí i pé obìnrin náà sùn fún wákàtí mẹ́wàá, síbẹ̀ kò lè dìde ro àmàlà. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ sí gbólóhùn (3). Kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀lẹ, aláìsàn a máa fi àárẹ̀ rẹ̀ pamọ́ fún ará ilé àti fún dókítà, títí agbára rẹ̀ yóò fi tán tí yóò sì pa ọjọ́ ìtọ́jú jẹ. Ìtọ́jú tí a bá pa jẹ lè fún jẹjẹrẹ láàyè láti tún gbilẹ̀.

3.0 Ohun tí ń fa àárẹ̀ náà

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kimotẹ́rápì ti jẹ́ oògùn olójú méjì. Ní 1942, Louis Goodman àti Alfred Gilman, ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ tọ́jú aláìsàn. Ìbátan gáàsì olóró tí wọ́n fi jagun ni oògùn tí wọ́n lò. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń yára pín ni kimotẹ́rápì sábà máa ń pa. Jẹjẹrẹ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ṣùgbọ́n mùdùnmúdùn inú egungun, ara ìfun àti ìdí irun náà wà níbẹ̀.

Mùdùnmúdùn ni ó ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ń dé ọ̀dọ̀ ẹran ara yóò dín kù. Ìdí nìyí tí àwọn ilé ìwòsàn fi ń wọn PCV kí wọ́n tó fa oògùn. Èébì, àìlèjẹun, ìrora, àìróorun sùn, àníyàn àti ibà ẹ̀fọn tún máa ń dá kún un.

Bí wọ́n bá ń fa oògùn náà ní ọjọ́ 21 síra, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀, àárẹ̀ sábà máa ń le jù ní àwọn ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ara a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé díẹ̀díẹ̀. Àárẹ̀ ìgbà kan sì lè gun orí ti ìgbà tí ó ṣáájú.

4.0 Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin

Nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú tí ó wáyé ní Èkó ní oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì 1977 ni ìjọba ṣe kọ́ Festac. Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ jẹ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ó jẹ́ pé àtẹ̀gùn ni a fi ń gòkè. LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó, wà ní Ìdí-Àràbà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣí ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní 2019. Ẹni tí ó bá ti Kúje lọ síbẹ̀ lè gba Máìlì 2 bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá sí Òṣòdì, tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù èbúté ń gbà. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lè gba ìdajì agbára aláìsàn kí abẹ́rẹ́ tó kàn án lára. Nítorí náà, ìmọ̀ràn lórí àárẹ̀ gbọ́dọ̀ ka àtẹ̀gùn àti ọ̀nà mọ́ ọn.

5.0 Ọ̀nà ìfaradà

5.1 Kíka àárẹ̀. Kí aláìsàn máa fi nọ́ńbà sí àárẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, láti 0 dé 10, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Láti 1 dé 3 fúyẹ́. Láti 4 dé 6 wà ní agbedeméjì. 7 sókè ti le. Dókítà tí ó bá rí 8 nínú ìwé yóò wá ohun tí ó ṣeé wò: ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sílẹ̀, ibà, ìrora tàbí àìróorun sùn.

5.2 Ṣíṣọ́ agbára ná. Obìnrin tí ń tajà ní Agbojú mọ̀ pé a kì í ná owó ọjà tán láàárọ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni agbára. Kí ó fi wákàtí tí ara rẹ̀ bá yá jù ṣe ohun tí ó ṣe pàtàkì jù. Kí ó jókòó sórí àpótí dáná. Kí ó kó ohun tí yóò ṣe nísàlẹ̀ jọ, kí ó lè gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan. Bí ọjọ́ ìtọ́jú bá kù ọ̀la, ó lè lọ sùn lọ́dọ̀ ìbátan tí ó sún mọ́ Ìdí-Àràbà. Kí àwọn ọmọ pọn omi, kí ọkọ lọ sọ́jà. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

5.3 Rírìn díẹ̀. Ó lè ya ènìyàn lẹ́nu pé ìdùbúlẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ máa ń dá kún àárẹ̀, nítorí pé ẹran ara tí a kò lò a máa rọ. Ìwádìí ti fi hàn pé ìrìn níwọ̀nba ń dín àárẹ̀ yìí kù. Ìṣẹ́jú márùn-ún ní ìrọ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ṣùgbọ́n bí ara bá gbóná, bí òòyì bá ń kọ́ni, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀ púpọ̀, ìsinmi ni ó tọ́. Kí oorun ọ̀sán má ṣe ju wákàtí kan lọ, kí ti òru má baà bàjẹ́.

5.4 Oúnjẹ àti àgbo. Oúnjẹ díẹ̀ lóòrèkóòrè sàn ju àwo ńlá kan lọ: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja, ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, pẹ̀lú omi tí ó tó. Kí aláìsàn fi àgbo tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ó bá fẹ́ mu tó dókítà létí ṣáájú, nítorí pé òmíràn lè bá kimotẹ́rápì jà tàbí kí ó pa ẹ̀dọ̀ lára.

5.5 Àmì ewu. Bí tẹmọ́mítà bá dé 38, bí èémí bá ń gé, bí àyà bá ń dùn ún, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà, tàbí bí aláìsàn kò bá lè dìde mọ́ lójijì, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Èyí kì í ṣe àárẹ̀ tí a ń fara dà.

5.6 Ẹlẹgbẹ́. Ẹni tí ó ti gba ibẹ̀ kọjá kò nílò àlàyé púpọ̀. Betty Anyanwu-Akeredolu, tí òun fúnra rẹ̀ ní jẹjẹrẹ ọmú, dá ẹgbẹ́ BRECAN sílẹ̀ ní 1997. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, aláìsàn lè wí pé ó rẹ òun láìsí pé ẹnikẹ́ni yóò gbọ́ ọ sí ọ̀lẹ.

6.0 Ìkádìí

Àárẹ̀ yìí lè wà fún oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fa oògùn ìkẹyìn, nítorí náà kò yẹ kí ará ilé retí pé lọ́jọ́ náà gan-an ni aláìsàn yóò padà sídìí iṣẹ́. Ohun tí àyẹ̀wò àwọn gbólóhùn òkè yìí fi hàn ni pé èdè Yorùbá ti pín ẹ̀bi ọ̀rọ̀ náà bí ó ti yẹ: àárẹ̀ ni ó mú, ènìyàn ni a mú. Ilé tí ó bá di gbólóhùn (2) mú yóò dojú ìjà kọ àárẹ̀ náà. Ilé tí ó bá bọ́ sí (3), aláìsàn ni yóò máa bá jà, àárẹ̀ yóò sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.