Ohun tí Kọ̀ǹpútà Fi Hàn nípa Oògùn HIV ní Johannesburg

Bí ẹ bá ń tọ́jú ẹni tí ó ní kòkòrò HIV ní Berea tàbí Hillbrow, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ kí dókítà sọ pé oògùn kan kò ràn án mọ́. Èyí kò túmọ̀ sí pé oògùn náà ti bàjẹ́. Kòkòrò náà ni ó ti yí padà.

HIV kò lè bí sí i láìsí purotéènì kan tí à ń pè ní protease. Òun ni ó ń gé àwọn purotéènì gígùn tí kòkòrò náà ṣe sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n lè wúlò. Ìlàjì méjì tí ó jọra ni ó para pọ̀ di protease, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ègé 99 tí a so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀. Ihò kan wà láàárín wọn, ìdérí méjì sì ń ṣí, wọ́n ń pa dé lórí rẹ̀. Lopinavir, atazanavir àti darunavir máa ń wọ inú ihò yìí, wọn a sì dí i.

Lórí ẹ̀yà B, tí ó wọ́pọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ṣe ọ̀pọ̀ ìwádìí oògùn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà C ni ó gbilẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 2013, àwọn olùwádìí Yunifásítì Witwatersrand, tí kò jìnnà sí Berea, gbé ìwádìí jáde lórí protease ẹ̀yà C, èyí tí ó fi ègé mẹ́jọ yàtọ̀ sí ti ẹ̀yà B. Wọ́n kọ́kọ́ mú kí purotéènì náà dì bí hóró iyọ̀, wọ́n sì fi ìtànṣán X-ray wo ìrísí rẹ̀. Àwòrán bẹ́ẹ̀ dúró sójú kan, bẹ́ẹ̀ ni purotéènì kì í dúró. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí àwọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe ń fa ara wọn, tí wọ́n sì ń ti ara wọn, ní ìṣísẹ̀ kéékèèké léraléra. Wọ́n rí i pé ìdérí ẹ̀yà C ń ṣí gbayawu ju ti ẹ̀yà B lọ, nítorí pé ìsopọ̀ kan tí ó ń di ẹsẹ̀ ìdérí mú kò sí níbẹ̀. Èyí lè dín bí oògùn ṣe ń dì mọ́ ihò náà kù.

Mo ní «lè». Ìṣirò kọ̀ǹpútà kì í ṣe àyẹ̀wò ara ènìyàn, àwọn oògùn wọ̀nyí sì ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ní ẹ̀yà C.

Láti ọdún 2019, dolutegravir, tí ó ń dí purotéènì mìíràn, ni Gúúsù Áfíríkà ti ń kọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ẹni tí oògùn ìṣáájú bá kùnà fún lè nílò oògùn protease. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, ẹ sọ fún dókítà kí ó tó lo rifampicin, nítorí pé ó máa ń dín oògùn protease inú ẹ̀jẹ̀ kù gan-an.