Ọ̀NÀ TÍ Ó GBA Ẹ̀BÁ ILÉ WA DÉ ODÒ ỌYA

Ẹni tí ó bá dúró ní ibodè Ìdí-Ìrókò yóò rí tìrélà, yóò rí ọ̀kadà, yóò rí obìnrin tí ó ru ẹrù kọjá sí Ìgòló, ṣùgbọ́n kò ní rí ọkọ̀ ojú omi kankan. A mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò bi wá pé, “Kí ló kan àwa alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí ń tu odò lọ sí òkè Ọya?” Ẹ ní sùúrù. Ẹ̀bá ilé wa gan-an ni ọ̀rọ̀ náà gbà kọjá.

Odò Ọya, tí òyìnbó ń pè ní Niger, ti àwọn òkè ilẹ̀ Gínì ṣàn wá. Ibi tí ó ti ṣẹ̀ kò ju nǹkan bí 240 kìlómítà sí òkun, ṣùgbọ́n ńṣe ni ó kẹ̀yìn sí òkun ọ̀hún, tí ó forí lé ìhà àríwá. Ó gba Bàmákò ní ilẹ̀ Málì, ó súnmọ́ Tìmbúkútù létí aṣálẹ̀, kí ó tó ṣẹ́rí padà sí gúúsù. Òun ni ààlà láàrin orílẹ̀-èdè Niger àti òkè ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, aládùúgbò wa. Lẹ́yìn náà ni ó wọ Nàìjíríà, ó gba Bùsà àti Jẹ́bà, ó pàdé Bẹ́núè ní Lọ́kọ́ja, kí ó tó dé òkun. Gbogbo ìrìn rẹ̀ tó nǹkan bí 4,180 kìlómítà.

Ìrìn kọ́rọkọ̀rọ yìí da òyìnbó lójú rú. Àwọn kan ní inú odò Náìlì ni ó ń lọ, àwọn mìíràn ní Kóńgò ni. Ní 1805, Mungo Park so ọkọ̀ ọlọ́pọ́n méjì pọ̀ di ẹyọ kan ní Sansanding, ní ilẹ̀ Málì, ó sọ ọ́ ní Joliba, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pe odò náà. Ó tù ú títí dé Bùsà, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní 1806.

Nígbà tí ọ̀nà òkè kò gbà wọ́n, wọ́n wá gba ti ìsàlẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1825, Clapperton àti ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, gbéra ní Àgbádárìgì. Ilẹ̀ Yewa wa yìí ni wọ́n gbà dé Ìjànà, nítòsí Ìlaròó. Ẹ má rò pé igbó lásán ni ọ̀nà yẹn o. Ọ̀nà ọjà Aláàfin ni, láti Ọ̀yọ́ Ilé dé Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì, ó sì dunni láti sọ pé ẹrú ni ọjà tí ó pọ̀ jù lójú rẹ̀. Oníṣàre tí Aláàfin fi sí Ìjànà ni ó ń ṣọ́ ọ. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ ibodè kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò wa?

Clapperton kú ní Sókótó ní 1827. Ṣùgbọ́n ní 1830 Lander tún padà wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, láti Àgbádárìgì kan náà. Wọ́n dé Bùsà, wọ́n wọ ọkọ̀ ọlọ́pọ́n, wọ́n sì bá omi lọ sísàlẹ̀. Wọ́n mú wọn lẹ́rú lójú ọ̀nà. Ọba Boy ti Nembe ni ó ṣèlérí owó ìràpadà wọn, tí ó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn dé etí òkun ní Brass, ní oṣù Kọkànlá 1830. Báyìí ni àṣírí odò náà tú.

Kíá ni ọkọ̀ eléèéfín dé. Ní 1832 Quorra àti Alburkah wọlé. Nínú òyìnbó 48 tí ó bá wọn lọ, mẹ́sàn-án péré ni ó padà sílé. Ibà ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ní 1854, tí ọkọ̀ Pleiad tu Bẹ́núè, wọ́n ń lo kuníní lójoojúmọ́, ibà kò sì pa ẹnì kankan. Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, wà nínú ọkọ̀ yẹn. Ó tún wà nínú Dayspring, tí àpáta fọ́ nítòsí Jẹ́bà ní 1857. Glover, tí òun náà wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún, fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Èkó, ó sì di olórí ìjọba Èkó lẹ́yìn náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun ara wa nìyí. Ní 1886 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún ilé iṣẹ́ Royal Niger Company ní àṣẹ lórí odò náà. Wọ́n gbé ibodè kalẹ̀, wọ́n ń gba owó orí ẹrù àti owó ìwé àṣẹ. Wọ́n sì ka àwọn ará Brass, àwọn tí ọkọ̀ wọn gbé Lander dé òkun, sí àjèjì lórí omi tí bàbá wọn ti ń tù. Ebi dé. Ní oṣù Kìn-ín-ní 1895 wọ́n kọlu ibùdó ilé iṣẹ́ náà ní Akassa, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì wá sun ìlú wọn. Ẹni tí ó fi ọ̀nà han àlejò ni àlejò ti ilẹ̀kùn mọ́.

Ní àárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni wọ́n pín àwa. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà láti odò Àjárá lọ sókè. Ìpókíá bọ́ sọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Àjàṣẹ́ wà lọ́dọ̀ Faransé. Ìyá ń bẹ níbí, ọmọ ń bẹ lọ́hùn-ún. Láti 1984 di 1986 wọ́n ti bọ́dà. Ní oṣù Kẹjọ 2019 wọ́n tún tì í, nígbà tí wọ́n sì ṣí àwọn mìíràn ní 2020, ti Ìdí-Ìrókò kò ṣí títí di oṣù Kẹrin 2022. Kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ròyìn ìyà yẹn fún nínú wa.

Ohun tí a fẹ́ fà yọ kò ju èyí lọ. Oníṣàre lọ, ilé iṣẹ́ òyìnbó lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó di ẹnu ọ̀nà mú kò tán láyé, kì í sì í bi wá kí ó tó tilẹ̀kùn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Nígbà tí bọ́dà wà ní títì, ẹni tí ó ní oko ẹ̀gẹ́ mọ́ ọjà Ìgòló rí gàrí tà. Ẹni tí ó ní owó nínú àpò ẹgbẹ́ rí ohun tó gbé kalẹ̀. Ẹni tí bọ́dà nìkan jẹ́ ọ̀nà rẹ̀ ni ó jókòó.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, kí á má fi owó oṣù yìí falẹ̀. Odò Ọya kẹ̀yìn sí òkun, ó rìn jìnnà, síbẹ̀ ó dé òkun. Kí àwa náà ní ibòmíràn tí a lè gbà. Kí á jẹ, kí ó sì ṣẹ́ kù.