Ráàpù Lédè Yorùbá: Bí Ọmọ Ìgboro Ṣe Sọ Orin Àlejò Di Onílé

Hip hop ni àṣà tí àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ọmọ Latino dá sílẹ̀ ní àdúgbò Bronx, ní ìlú New York, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Nǹkan mẹ́rin ló para pọ̀ di àṣà náà: DJ tó ń yí àwo orin, olórin ráàpù tó ń sọ̀rọ̀ lé ìlù, ijó orí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní breakdance, àti àwòrán tí wọ́n ń fi ọ̀dà kùn sára ògiri. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ráàpù ló rìn jìnnà jù, nítorí kò béèrè ohùn aládùn tàbí ohun èlò olówó gọbọi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, tó sì mọ̀ ọ́n tò, lè ṣe é.

Ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 1973 ni ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí ọjọ́ ìbí hip hop. Lọ́jọ́ náà, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Cindy Campbell ṣe àríyá sí gbọ̀ngán ilé tí ìdílé rẹ̀ ń gbé ní 1520 Sedgwick Avenue, kó lè fi owó ìwọlé ra aṣọ tí yóò wọ̀ padà sílé ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Clive, ọmọ bíbí Jàmáíkà tí àdúgbò mọ̀ sí DJ Kool Herc, ló ń yí àwo. Herc ti ṣàkíyèsí pé ibi tí akọrin bá ti dákẹ́, tó ku ìlù nìkan, ni àwọn oníjó máa ń ya bo agbo. Ó wá ń gbé àwo kan náà sórí ẹ̀rọ méjì. Bí ìlù bá ti ń parí lọ lórí èkíní, yóò ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí èkejì, kí ijó má baà já. Lórí ìlù tí kò dánu dúró yìí ni àwọn tó di makirofóònù mú ti ń ki àwọn ọ̀rẹ́ wọn, tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ru agbo sókè. Kíkì yẹn ló dàgbà di ráàpù.

Ní 1979, orin "Rapper's Delight" tí ẹgbẹ́ Sugarhill Gang ṣe gbé ráàpù dé orí rédíò káàkiri. Ní 1982, "The Message" ti Grandmaster Flash àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ráàpù lè sọ ìyà tó ń jẹ mẹ̀kúnnù, kì í ṣe fàájì nìkan. Láti ìgbà náà, àwọn olórin ráàpù ti yí bí ọ̀dọ́ ṣe ń wọṣọ, ṣe ń sọ̀rọ̀ àti bí wọ́n ṣe ń ronú nípa òṣèlú padà. Ní 2018, Kendrick Lamar gba ẹ̀bùn Pulitzer fún àwo rẹ̀ DAMN., ẹ̀bùn orin tó jẹ́ pé orin kíláásíkà àti jáàsì nìkan ló ń gbà á tẹ́lẹ̀.

Ní Nàìjíríà, The Way I Feel, àwo tí Ronnie Ekundayo gbé jáde ní 1981, wà lára àwọn ibi tí ráàpù ti kọ́kọ́ dún. Ní àwọn ọdún 1990, Junior àti Pretty fi píjìn ṣe tiwọn. Lẹ́yìn wọn ni The Remedies dé, ìyẹn Eedris Abdulkareem, Tony Tetuila àti Eddy Montana, tí wọ́n ń po píjìn àti Yorùbá pọ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olórin ráàpù ìgbà náà ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ará Amẹ́ríkà, wọ́n sì ka ẹni tó bá ń fi èdè abínibí ṣe é sí ará oko. Lord of Ajasa wà lára àwọn tí kò ka ìyẹn sí. Ó fi Yorùbá pọ́ńbélé ṣe ráàpù títí ìgboro fi gbọ́ ọ.

Ó yẹ kí a mọ ìdí tí ráàpù fi tètè bá Yorùbá mu. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ló ń fi ìyàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ wa, nítorí náà ẹni tó ń kọrin ní láti ṣọ́ra kí orin má baà ti ọ̀rọ̀ ṣubú. Ráàpù kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀, nítorí ó súnmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, bí ìjálá, rárà àti ewì ṣe súnmọ́ ọn. Bákan náà, fáwẹ́lì ló ń parí ọ̀rọ̀ Yorùbá, èyí sì mú kó rọrùn láti mú ìparí ìlà bá ara wọn dọ́gba. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ohùn. Bí ìlà kan bá parí sí "ọmọ", tí èyí tó tẹ̀ lé e parí sí "ọkọ", fáwẹ́lì bára mu, ohùn náà sì bára mu. Bó bá jẹ́ "ọkọ̀" ni, fáwẹ́lì ṣì bára mu, ṣùgbọ́n ohùn ti já wálẹ̀, etí ọmọ Yorùbá kò sì ní ṣàì gbọ́ ọ. Ọ̀jáfáfá olórin ráàpù máa ń lo méjèèjì, yóò mú ohùn dọ́gba níbi tó bá fẹ́ kó dùn, yóò sì já a níbi tó bá fẹ́ ta olùgbọ́ jí. Ìfọ́nnu àti bíbú ara ẹni kò ṣàjèjì sí wa pẹ̀lú. Àwọn oníjàálá a máa pe ara wọn níjà lójú agbo, Ayinde Barrister àti Kollington sì sọ òkò ọ̀rọ̀ sí ara wọn nínú àwo fújì ní àwọn ọdún 1980.

Ẹni tó sọ ráàpù Yorùbá di ọba ìgboro ni Dagrin, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Oladapo Olaitan Olaonipekun. Ní 2009, ó gbé àwo C.E.O. jáde, "Pon Pon Pon" sì wà nínú rẹ̀. Ohùn rẹ̀ le, ó há díẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọ tó mọ ebi, tó mọ ibùdókọ̀, tó sì mọ bí ìyà ṣe rí. Àwo náà gba ẹ̀bùn àwo ráàpù tó dára jù lọ níbi Hip Hop World Awards ti 2010. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹrin ọdún náà, ọkọ̀ rẹ̀ kọlu tírélà kan ní Mushin, ó sì kú ní ọjọ́ 22 oṣù náà. Ní ọdún kejì, wọ́n ṣe fíìmù Ghetto Dreamz nípa ayé rẹ̀. Àwo kan ṣoṣo yìí ti tó láti fi hàn pé ẹni tó fi èdè ìyá rẹ̀ ṣe ráàpù lè borí.

Olamide, ọmọ Bariga, ló gba ẹnu ọ̀nà tí Dagrin ṣí wọlé. "Eni Duro" ló fi di ẹni mímọ̀, àwo àkọ́kọ́ rẹ̀, Rapsodi, sì jáde ní 2011. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó dá iléeṣẹ́ orin YBNL sílẹ̀. Níbẹ̀ ni Lil Kesh, Adekunle Gold, Fireboy DML àti Asake ti di ìlú mọ̀ọ́ká. Àwo Asake ti 2022, Mr. Money With The Vibe, kún fún ègbè onífújì, ó sì dé etí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá rárá. Reminisce ní tirẹ̀ pe Olamide àti Phyno, tó ń fi Igbo ṣe ráàpù, sínú orin "Local Rappers" ní 2015. Orúkọ tí àwọn ẹlẹ́gàn fi ń pè wọ́n ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi ṣe àkọlé. Ní 2018, Reminisce kan náà ṣe ẹ̀dá-ìtàn Makanaki nínú fíìmù King of Boys, àwọn tí kò mọ orin rẹ̀ sì mọ̀ ọ́n nípa ìyẹn.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà lókè òkun náà kò gbẹ́yìn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, Skepta, ọmọ ìdílé Adenuga, gba ẹ̀bùn Mercury ní 2016, Little Simz, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Simbiatu Ajikawo, sì gba tirẹ̀ ní 2022. Ní 2018, wọ́n fi Skepta joyè Amúlùúdùn ní Odò-Ajé, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ní Amẹ́ríkà, Wale, ìyẹn Olubowale Akintimehin, wà lára àwọn olórin ráàpù tó lórúkọ. Kódà, àwọn ọmọ Kúbà tó dá ẹgbẹ́ ráàpù Orishas sílẹ̀ pe Ẹlẹ́gbára àti Ṣàngó nínú àwo wọn ti 1999, A Lo Cubano. Àwa náà sì fún hip hop ní nǹkan: Common ṣe orin láti fi yẹ́ Fẹlá sí ní 2000, Jay-Z sì wà lára àwọn tó náwó sí eré Fela! lórí Broadway ní 2009.

Ẹ̀sùn wà lọ́rùn ráàpù Yorùbá, kò sì ṣeé fọwọ́ bò mọ́lẹ̀. Orin kan ń tẹ́ńbẹ́lú obìnrin, òmíràn ń gbé oògùn olóró àti owó èrú lárugẹ. Ní 2017, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlera bẹnu àtẹ́ lu fídíò "Wo!!" ti Olamide nítorí sìgá tí wọ́n ń mu nínú rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn olórin mọ̀ pé ọmọdé ń gbọ́ wọn, kí wọ́n sì fi ọgbọ́n so ẹnu mọ́ ohun tí yóò tún ìlú ṣe. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kan wà tí gbogbo ẹ̀sùn yìí kò lè pa rẹ́: lásìkò tí ọ̀pọ̀ òbí ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan bá ọmọ sọ̀rọ̀ nílé, àwọn olórin ráàpù ló mú kí Yorùbá wu ọ̀dọ́ ìgboro í sọ. Kí àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá kọ ọ̀rọ̀ orin wọn sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ ewì wò, kí wọ́n yin èyí tó dára, kí wọ́n sì bá èyí tó kù díẹ̀ káàtó wí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí èdè wa ń lọ gbọ́dọ̀ gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀dọ́ yìí ń sọ.