Èwo Nínú Mẹ́rin Ló Dákẹ́?

Nílé ìnáwó ní Èkìtì, nígbà tí iṣu bá pọ̀ tí odó sì tóbi, ènìyàn mẹ́rin lè dúró yí odó kan ká, kí kálukú mú ọmọ odó tirẹ̀ lọ́wọ́. Wọn kì í jù ú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ti ẹnì kan ṣe ń gòkè ni ti ẹnì kejì ń balẹ̀, tí ìró á máa tẹ̀lé ìró. Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ilé, tí kò rí wọn rárá, á mọ̀ bí apá ẹnì kan bá ti rọ̀, torí pé àlàfo á wà nínú ìró náà, àlàfo náà á sì máa padà wá ní àyè kan náà.

Irú etí bẹ́ẹ̀ la nílò nídìí ẹ́ńjìnnì. Ẹ jẹ́ ká mú Toyota Corolla ọdún 2003 sí 2008 tó kún ojú títì wa. Sílíńdà mẹ́rin ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń tanná: àkọ́kọ́, ìkẹta, ìkẹrin, ìkejì, kó tó tún kan àkọ́kọ́. Bí ọkọ̀ bá dúró lójú kan tí ẹ́ńjìnnì ń yí nígbà 700 láàárín ìṣẹ́jú kan, sílíńdà kọ̀ọ̀kan á tanná nígbà 350, gbogbo rẹ̀ á jẹ́ 1,400. Kò sẹ́ni tó lè fi etí ka ìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá ń kọ̀, ara á mọ̀: ìjókòó á máa gbọ̀n, ọkọ̀ á máa jẹ́kì bí ẹ bá tẹ tọ́rótù, epo á sì máa tètè tán.

Ní ayé Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kàdúná lọ́dún 1975, mẹkáníìkì á fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, á wá máa fa wáyà pọ́lọ́ọ̀gì yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìró bá burú sí i, á jẹ́ pé èyí tó yọ yẹn ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí ìró kò bá yí padà, ọwọ́ ti ba ọ̀lẹ. Ọgbọ́n ńlá ni, mi ò sì fẹ́ kó parẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Nínú ọkọ̀ òde òní, wáyà nọ́súlù la ń yọ, kí epo má baà máa wọlé lásán. Ẹ má fa kọ́ìlì, ìyẹn ohun tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, sókè nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ o. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì ló ń tì jáde, ó lè gbé ènìyàn, ó sì lè ba kọ̀ǹpútà ọkọ̀ jẹ́.

Kọ̀ǹpútà yẹn náà ń fetí sílẹ̀ lọ́nà tirẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan ń ṣọ́ bí kìráńkì, ìyẹn irin tí àwọn pístìnì ń yí, ṣe ń yí. Gbogbo ìgbà tí sílíńdà kan bá tanná ló ń ti kìráńkì síwájú díẹ̀. Bí ọ̀kan bá kọ̀, eré kìráńkì á dín kù ní àyè yẹn gan-an, kọ̀ǹpútà á sì mọ èyí tó kọ̀. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni òfin Amẹ́ríkà ti ní kí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ní ètò tí wọ́n ń pè ní OBD-II, ìdí nìyẹn tí skánà kan náà fi lè ka kọ̀ǹpútà oríṣiríṣi tòkunbọ̀ tó ti ibẹ̀ wá. Nọ́ńbà ni skánà fi ń sọ sílíńdà tó kọ̀: P0301 ni sílíńdà àkọ́kọ́, tó wà lápá bẹ́líìtì nínú Corolla yìí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ títí dé P0304. P0300 ní tirẹ̀ ń sọ pé ìṣòro náà kò mọ sí sílíńdà kan.

Ibí yìí lowó wa ti ń ṣòfò. Skánà á sọ P0302, wọ́n á ní ká lọ ra kọ́ìlì mẹ́rin. Nọ́ńbà yẹn kò dárúkọ kọ́ìlì o. Ohun tó sọ ni pé sílíńdà kejì kò tanná, ó sì lè jẹ́ iná ni, ó lè jẹ́ epo, ó lè jẹ́ afẹ́fẹ́, ó sì lè jẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí pístìnì fi ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀ kí iná tó ràn wọ́n. Ọ̀nà tí a fi lè mọ̀ kò gba kọ́bọ̀. Nínú Corolla yìí, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́ìlì tirẹ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé kọ́ìlì ìkejì sórí ìkẹta, kí ti ìkẹta bọ́ sórí ìkejì, ẹ fi skánà pa nọ́ńbà yẹn rẹ́, kí ẹ sì wa ọkọ̀ kiri díẹ̀. Bó bá padà wá ní P0303, kọ́ìlì ló bàjẹ́, ọ̀kan ṣoṣo lẹ ó sì rà. Bó bá ṣì jẹ́ P0302, ọwọ́ kọ́ìlì mọ́. Ẹ ṣe bákan náà fún pọ́lọ́ọ̀gì, lẹ́yìn náà nọ́súlù.

Nígbà tí pọ́lọ́ọ̀gì bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ wò ó dáadáa. Bó bá dúdú tó gbẹ, tó ń yí ọwọ́, epo pọ̀ jù tàbí iná kò tó. Bí ọ́ìlì bá rin ín, ọ́ìlì ń gba ríìngì tàbí ẹnu fáàlù wọlé. Bí ihò tó jókòó sí bá kún fún ọ́ìlì, gásíkẹ́ẹ̀tì ìdérí òkè ẹ́ńjìnnì ló gbó. Ọ́ìlì yẹn ń ba rọ́bà ẹsẹ̀ kọ́ìlì jẹ́, iná á sì máa sá gba ẹ̀gbẹ́. Ẹni tó bá pààrọ̀ kọ́ìlì tó fi gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀ á tún padà wá.

Àkókò tí ọkọ̀ ń ṣe é náà ń jẹ́rìí. Èyí tó ń lọ geere ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, tó wá ń jẹ́kì bó ṣe ń gun òkè Mókọ́lá n'Íbàdàn, pọ́lọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí iṣẹ́ agbára ló ń tú àṣírí iná tí kò tó. Èyí tó ń gbọ̀n lórí ìdúró, tó sì fara balẹ̀ bó bá ti ń sáré, ẹ wá họ́ọ̀sì tó là níbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bó bá jẹ́ àárọ̀ ló ń ṣe é, tí omi rèdíétọ̀ ń dín kù láìjò sílẹ̀, tí èéfín funfun sì ń jáde láìdáwọ́ dúró, ẹ fura sí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, èyí tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀. Bó bá sì bẹ̀rẹ̀ kété tí ẹ ra epo, ẹ yẹ epo wò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, bẹntiróòlù tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ wọ Nàìjíríà, ìjọba sì ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà.

Bí gbogbo èyí kò bá jọ ọ́, ó ku kí a wọn kọ̀ǹpúrẹ́ṣọ̀n. Bí ti sílíńdà kan bá kéré sí tàwọn yòókù, ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá gòkè, ríìngì ló gbó. Bí kò bá gòkè, fáàlù tàbí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ni, iṣẹ́ ńlá sì ti dé nìyẹn.

Bí iná ẹ́ńjìnnì iwájú yín bá ń ṣẹ́jú, ẹ má wà á lọ mọ́. Epo tí kò jóná ń lọ jó nínú kátálíìsì tó wà lójú ọ̀nà èéfín, ooru rẹ̀ sì lè yọ́ ọ. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ti gbó, ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ tó sanwó kọ́ìlì kankan, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi sílíńdà tó ń kọ̀ hàn yín, kó sì gbé kọ́ìlì rẹ̀ lọ sórí òmíràn lójú yín.