Wíwá Orírun Àwọn Òṣìṣẹ́ Òwú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹnìkan bá bi yín pé níbo ni ìdílé yín ti ṣẹ̀ wá, àgbàlagbà kan nínú ilé lè ki oríkì orílẹ̀ yín, kí orúkọ ìlú náà sì jáde nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà kò ní irú èyí. Ohun tí àwọn kan nínú wọn mọ̀ kò ju pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni bàbá ńlá wọn ti wá, àti pé iṣẹ́ òwú ni ó ń ṣe. Báwo ni ọmọ irú ìdílé bẹ́ẹ̀ ṣe lè mọ ìlú bàbá rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ àwọn òṣìṣẹ́ náà. Láàrin ọdún 1800 sí 1900, kò sí ibi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ran òwú, tí wọ́n sì ń hun aṣọ tó agbègbè Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Manchester, Oldham, Bolton, Preston àti Blackburn wà lára àwọn ìlú ibẹ̀. Ariwo ẹ̀rọ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ahunṣọ fi ń wo ètè ara wọn kí wọ́n tó mọ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Àwọn ọmọdé náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti ọdún 1844, òfin gbà kí ọmọ ọdún mẹ́jọ ṣiṣẹ́ ìdajì ọjọ́, kí ó sì fi apá kan ọjọ́ náà lọ sí ilé-ìwé. Iṣẹ́ àwọn mìíràn nínú wọn ni kí wọ́n máa so òwú tí ó bá já bí ẹ̀rọ ti ń lọ.

Ṣáájú ọdún 1824, òfin kò jẹ́ kí irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀, kí ó má baà gbé ọgbọ́n iṣẹ́ náà lọ sí ibòmíràn. Samuel Slater yọ́ jáde ní ọdún 1789, ó sì wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ òwú sílẹ̀ ní Pawtucket ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó ṣe, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1861. Gúúsù Amẹ́ríkà ni púpọ̀ jù nínú òwú Lancashire ti ń wá, ọkọ̀ ogun àwọn ará àríwá sì dí ọ̀nà omi mọ́ wọn. Òwú wọ́n, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì tì. Nígbà tí ọdún 1862 fi máa parí, àwọn tí ó ń gba ìrànwọ́ láti jẹun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000. Àwọn kan wọ ọkọ̀ ojú omi ní Liverpool, wọ́n sì lọ. Lẹ́yìn tí ogun parí ní ọdún 1865, ọ̀pọ̀ nínú wọn forí lé Fall River ní Massachusetts, nítorí pé ilé-iṣẹ́ òwú ń pọ̀ sí i níbẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń wá orírun irú ìdílé yìí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Lancashire. Ọ̀dọ̀ ara rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa lọ sẹ́yìn: òun, bàbá rẹ̀, bàbá bàbá rẹ̀. Ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti ọdún 1850 ni ó kọ́kọ́ kọ ibi tí wọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan sí, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni akọ̀wé sábà máa ń kọ fún àwọn wọ̀nyí. Ìyẹn kò tó. Orúkọ ìlú ni a ń wá. Nítorí náà, ẹ wo òkúta ibojì, Bíbélì ìdílé, lẹ́tà àtijọ́ àti ìwé ìròyìn tí ó kéde ikú. Bí orúkọ ìlú bá ti jáde nínú ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ ti dé ìdajì.

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1837 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Fún ohun tí ó ṣáájú ìyẹn, ìwé ìrìbọmi ti ṣọ́ọ̀ṣì ni a ó yẹ̀ wò. Lójú tèmi, ìwé ìgbéyàwó ni ó wúlò jù. Ó ń dárúkọ bàbá ọkọ àti bàbá ìyàwó, ó sì ń sọ iṣẹ́ wọn, tí ó fi jẹ́ pé ìwé kan ṣoṣo ń fi ìran méjì hàn wá. Níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti kọ orúkọ wọn, àmì X ni ẹ ó máa rí nígbà mìíràn, nítorí pé ẹni náà kò mọ̀ ọ́n kọ. Ìkànìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1851 náà kọ orúkọ gbogbo ará ilé, ọjọ́ orí wọn, iṣẹ́ wọn àti ìlú tí wọ́n bí wọn sí. Ẹ lè rí ọmọ ọdún mẹ́wàá níbẹ̀ tí wọ́n kọ iṣẹ́ òwú sí iwájú orúkọ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún orúkọ o! John Taylor pọ̀ ní Oldham bí Adébáyọ̀ ti pọ̀ láàrin wa. Ẹni tí ó bá kàn mú èyí tí ó kọ́kọ́ rí, bàbá olóbàbá ni yóò máa pè ní bàbá rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá orúkọ ìyàwó, orúkọ àwọn ọmọ àti ọjọ́ orí wọn bá ohun tí ẹ ti mọ̀ mu. Àwọn ará Lancashire kì í sì í sábà pe h, nítorí náà Hartley lè di Artley lọ́wọ́ akọ̀wé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ìbàdàn kan ti máa ń pe ṣ ní s.

Ó ku àwọn tí ó ká òwú náà. Títí di ìgbà ogun yẹn, ẹrú ni ó ń ká èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà: àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó kọjá òkun, àti àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn. Wọ́n ka àwọn náà ní ọdún 1850 àti 1860, ṣùgbọ́n orúkọ olówó wọn ni wọ́n kọ. Ní ti ẹrú fúnra rẹ̀, ọjọ́ orí, àwọ̀ ara, àti bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin ni wọ́n sábà kọ. Ìkànìyàn ti ọdún 1870 ni ó kọ́kọ́ kọ orúkọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Ọmọ ahunṣọ Oldham lè tọ ìwé lọ títí yóò fi kọjá ọdún 1837. Ní ti ọmọ ẹni tí ó ká òwú aṣọ náà, ọdún 1870 ni ọ̀nà máa ń di igbó. Láti ibẹ̀ lọ, ìwé ogún àti ìwé títa ẹrú ti àwọn olówó ni yóò máa yẹ̀ wò, bóyá orúkọ baba rẹ̀ á wà níbẹ̀.